Ọ̀rọ̀ Tí A Kì Í Sọ fún Àríkẹ́ Mọ́

Ní Parakou, ọmọdé ń sáré, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó ń lé e. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀ ni, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní àdúgbò Banikanni, àwọn ọmọ kan tó wọ aṣọ ilé ìwé kakí sì sáré kọjá níwájú mi. Báàgì wọn ń lù wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ń pariwo, ẹsẹ̀ wọn ń tu erùpẹ̀ pupa. Mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Mo ti gbá Àríkẹ́ mọ́ra, mo sì ti ń wo ọ̀nà tí a máa gbà. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ lódìkejì gbójú sókè, ó wo àwọn ọmọ náà, ó wò mí, ó sì padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kàn ń sáré ni. Wọn kò fẹ́ pẹ́ dé ilé ìwé.

Níbi tí a ti wá, bí ẹnì kan bá ń sáré, gbogbo wa la máa ń sá tẹ̀ lé e. Ìgbà tí a bá dénú igbó la tó máa ń béèrè.

Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ló ní kí n kọ èyí sílẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ fún ará ìta. N kò ní dárúkọ abúlé wa, yàtọ̀ sí pé ó wà níbi tí Nàìjíríà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kí èèyàn tó sọdá sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé yìí. N kò ní dárúkọ ara mi náà. Ẹ má bínú. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Àríkẹ́ kì í ṣe ọmọ tí mo bí. Àbúrò mi obìnrin ló bí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí a dé, àwa méjèèjì péré. Láti ọjọ́ tí a ti kúrò nílé ni kò ti sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó yadi. Bó bá sùn, ètè rẹ̀ máa ń mì. Bó bá jí, ó tán. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì a di ẹ̀ṣẹ́, bí ẹni pé ó mú nǹkan kékeré kan dání tí kò fẹ́ kó já bọ́. Èmi ni mo ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Èmi ni mo ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Ọmọ yìí kan náà ló ti ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Àlájà Sàlámátù ló gbà wá sílé. Ó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, ìyá rẹ̀ ta aṣọ níbẹ̀ kó tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì ti ń tà á. Ìlọrin ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Àlájà kò mọ ọ̀nà Ìlọrin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo kí i, ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó sì kọjú sí àwọn ará ilé.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀! Bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. 'Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa.'"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àlájà, ṣé Yorùbá kọ́ lẹ̀ ń sọ níbí ni?"

"Yorùbá ni, ṣùgbọ́n tiwa ti rí búrẹ́dì Faransé jẹ."

Òótọ́ ló sọ. Aránṣọ ni mí, kò sì pẹ́ tí Àlájà fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan fún mi ní igun ìsọ̀ rẹ̀, kí n máa ṣẹ́ etí aṣọ fún àwọn oníbàárà. Àwọn kan á sọ fún mi pé kí n fi "bùtọ́ọ̀nù" mẹ́rin sí i, màá máa wò wọ́n. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń wí. Wọ́n á ní "dakọ́ọ̀", èmi á ní "ó dáa", a ó sì jọ máa mi orí. Àwọn Bàrìbá ń kọjá, àwọn Dẹ́ńdì ń kọjá, àwọn alárù ń pariwo kí a yà fún wọn. Mo máa ń kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn mi wà lọ́dọ̀ ọjà, ojú mi wà lára abẹ́rẹ́. Ó pẹ́ kí n tó lè yí àga náà padà kọjú síta, inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé mo kọ́lé. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ ló máa ń tì mí lójú jù. Gbogbo ọmọ ilé ló máa ń wá kí Àlájà níbi tó ti ń mu kókò, bí wọ́n ṣe ń pe ògì níbí, ní àgbàlá. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, Àlájà á fi ọwọ́ kan orí wọn. Àríkẹ́ nìkan ló máa ń dúró bí òpó. Mo ti fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká. Mo ti já a léèékánná lápá. "Kúnlẹ̀! Ṣé bí a ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Kúnlẹ̀ kí màmá!" Ara rẹ̀ á le, ojú rẹ̀ á lọ síbi tí n kò lè bá a dé, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní ṣí títí oòrùn á fi kan àtàrí. Mo rò pé orí kunkun ni. Èmi tí mo jẹ oúnjẹ onílé tí mo sùn sábẹ́ òrùlé onílé, ọmọ mi ni yóò wá máa wo onílé lójú? Mo ń kúnlẹ̀ fún gbogbo èèyàn nígbà náà. Mo ń kúnlẹ̀ fún Àlájà, fún ọlọ́pàá, fún ẹnikẹ́ni tó bá mú bíírò dání. Mo kúnlẹ̀ fún ọlọ́kadà kan rí, ẹni tí wọ́n ń pè ní sẹ́mì níbí, nítorí pé ó gbé wa dé ibi tó sọ pé òun máa gbé wa dé.

"Fi í lẹ̀," Àlájà á wí. "Ó ti di ọmọ Faransé. Àwọn yẹn kì í tẹ orúnkún."

Yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n èmi, ìtìjú ni mo gbé lọ sọ́jà.

Màmá mi wà ní Ṣakí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń pè é. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà etí ló fi ń rí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní ìbéèrè kan tó máa ń bi gbogbo ẹni tó bá pè é, láti ọjọ́ tí fóònù ti dé abúlé wa.

"Ṣé o ti kúnlẹ̀?"

"Mo ti kúnlẹ̀, Màmá."

"Irọ́ lò ń pa. N kò gbọ́ kí orúnkún dún."

Òótọ́ ni pé mo ti kúnlẹ̀, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú fóònù létí. Bí àwa ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, ibi yòówù kí a wà. Lẹ́yìn ẹ̀rín yìí ni yóò wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ yẹn ńkọ́? Fún un ní fóònù kí n gbóhùn rẹ̀."

"Ó ti sùn, Màmá."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní ó lọ síléèwé. Lọ́sẹ̀ mìíràn, ó ń wẹ̀. Màmá mọ̀ pé àbúrò mi kú. Kò mọ bó ṣe kú, n kò sì sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọmọ náà wà láàyè, àbí ò ń tàn mí?" Mo búra fún un. Ó ní, "Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ kó búra fún mi." Láti ọjọ́ náà, bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti ń bọ̀, màá ti máa wá irọ́ tí màá pa.

Obìnrin kan tó máa ń wá kọ orúkọ àwọn tó sá wá ló fún mi ní ìwé pélébé kan. Ó ní kí n mú ọmọ náà lọ sí ilé kan tó ní igi máńgòrò méjì níwájú, pé wọ́n ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ ẹní. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ orúkọ, mo máa ń ro ẹlòmíràn tó lè ka orúkọ náà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó wà níbẹ̀ kí Àlájà tó rí i, lọ́jọ́ tí a sá ẹní sóòrùn.

"Kí lèyí?"

"Ìwé ni, Àlájà."

"Mo rí i pé kì í ṣe ẹja. Kí ló wí?"

Mo sọ fún un.

"Ẹní lo wá gbé e fún kó máa kà á? Wàláhì, bí ẹ̀yin méjèèjì bá ṣì wà nílé yìí tí mo bá kírun tán, èmi fúnra mi ni màá gbé ọmọ náà pọ̀n."

Bí a ṣe lọ nìyẹn.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló jáde sí wa, ó wọ bàtà aláwọ̀ funfun, ó mú ìwé àti bíírò dání. Bí mo ṣe rí bíírò, orúnkún mi méjèèjì ti wà nílẹ̀. Kí n tó ṣí ẹnu, òun náà ti kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Màmá, ẹ fẹ́ ṣẹ́ èpè lé mi lórí ni? Ọmọ yín ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dìde, ọ̀gá."

"N kò ní dìde bí ẹ kò bá dìde."

A wà nílẹ̀ níbẹ̀ bí àgbò méjì tó fẹ́ kàn. Ọmọ Yorùbá Ìdàáṣà ni, wọ́n kọ́ ọ nílé. Felisitẹ lorúkọ rẹ̀, àwọn ọmọdé ibẹ̀ sì ń pè é ní Tàtá, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí. Nígbà tí a dìde níkẹyìn, òun ń rẹ́rìn-ín, èmi ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ìró mi. Kò sí èyí tó wo Àríkẹ́ nínú àwa méjèèjì. Lónìí mo mọ̀ pé ó yẹ kí a wò ó.

Mo bi í léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó sọ orúkọ kan tó gùn ní Faransé, ẹ́gòtẹrapí. Mo ní kí ló túmọ̀ sí lẹ́nu wa. Ó ronú díẹ̀.

"Ẹ wò ó, Màmá. Ohun kan wà tí kálukú ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lójúmọ́. Ẹ̀yin ń ránṣọ, ẹ̀ ń dáná, ẹ̀ ń wẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ kò lè ṣe é mọ́, iṣẹ́ wa ni ká bá yín wá ọ̀nà tí ẹ ó fi tún lè ṣe é."

"Ọmọdé ńkọ́? Kí ni iṣẹ́ ọmọdé?"

"Eré ni."

Nínú mi mo ní: a sá fún ikú dé ibí, ẹ ní ká wá ṣeré. Mo wo yàrá náà yíká, mo ń wá ibi tí wọ́n kó abẹ́rẹ́ àti oògùn sí. N kò rí i. Táyà kan ni wọ́n fi okùn so rọ̀ mọ́ àjà. Ọpọ́n kan kún fún ẹ̀wà, òmíràn kún fún iyanrìn. Odó kékeré kan wà, àti ìlẹ̀kẹ̀, àti ọmọláńgidi alákìísà. Ẹni tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó jáde, ó sì wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọpọ́n ẹ̀wà tútù.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí n kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Kò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kankan. Kò fà á lọ́wọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ ẹ̀wà, ó ń bù ú, ó ń dà á sílẹ̀, ó ń kọrin jẹ́jẹ́ nínú imú. Ó tó wákàtí kan. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kejì parí, mo ti fẹ́ sọ fún Àlájà pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Àríkẹ́ sún mọ́ etí ọpọ́n. Ìka kan yọ jáde nínú rẹ̀. Ìka kan péré. Ó fi kan ẹ̀wà kan, ó tì í, ẹ̀wà náà yí, ó tún tì í.

Mo ti rí odò tó kún tó gbé afárá lọ. Mo ti rí ejò tó gbé ewúrẹ́ mì. N kò rí ohun tó mú kí ẹnu mi yà sílẹ̀ bí ìka kékeré yẹn. Tàtá kò pariwo, kò pàtẹ́wọ́. Ó kàn ń kọrin rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé omi ti wà lójú òun náà.

Nígbà tó gbọ́ pé aránṣọ ni mí, ó ní kí n bá òun ran aṣọ mọ́ férémù igi mẹ́fà, kí àwọn ọmọ lè máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì. Ó fẹ́ kí bọ́tìnnì àkọ́kọ́ tóbi bí ìdérí ìgò, kó máa kéré sí i títí dé tẹ̀wù ọmọ tuntun. Mo rán an bí ẹni ń ránṣọ ìyàwó. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní òun nílò ohun tí mo mọ̀. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ ń fún wa ní ìrẹsì, wọ́n ń fún wa ní kúbùsù, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n Tàtá gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí Àríkẹ́ kọ́kọ́ ki bọ́tìnnì ńlá yẹn bọ ihò rẹ̀, ọ̀nà ilé kò gùn lójú mi rárá.

Ìgbà yẹn ni mo ṣe àṣìṣe mi.

Ọjọ́ tó dára ni. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ méjèèjì sin ìlẹ̀kẹ̀ sí okùn, pupa kan, funfun kan, títí ó fi tó ẹ̀gbà ọrùn. Tàtá ní kó máa mú un lọ sílé. Inú mi dùn dé ibi pé n kò ronú. Mo ṣe ohun tí ìyá èyíkéyìí nílẹ̀ wa máa ṣe. Mo ní, "Ó yá, kúnlẹ̀ kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ Tàtá."

Okùn náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀, wọ́n ń yí lọ sábẹ́ àga. Ọwọ́ méjèèjì ti padà di ẹ̀ṣẹ́.

Mo na ọwọ́ kí n tẹ̀ ẹ́ léjìká. Tàtá di ọwọ́ mi mú. Kò le, ṣùgbọ́n ó dì í mú.

"Màmá, ṣé ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí?"

"Àràárọ̀ ni mo ń sọ ọ́. Ọmọ tí kò mọ àgbà kí ni."

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí bí ẹ bá ti sọ ọ́?"

Mo fẹ́ dáhùn pé orí kunkun ni. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde, èyí tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tàtá gbé ọmọ náà sínú táyà, ó rọra ń mì ín pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó sì ń tẹ́tí sí mi.

Mo sọ fún un pé àwọn tó wá ká wa mọ́lé kò gbọ́ èdè wa. Èdè tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, n kò mọ̀ ọ́n di òní. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń pariwo rẹ̀ láti ilé dé ilé. Kúnlẹ̀. Kúnlẹ̀. Èmi àti ọmọ náà wà lẹ́yìn àká níbi tí mo ti lọ bu àgbàdo. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ihò kékeré kan wà lára ọgbà tó yí àká náà ká, n kò sì ní ọwọ́ kejì tí màá fi bo ojú rẹ̀. Àbúrò mi kúnlẹ̀. Gbogbo àwọn tó kúnlẹ̀, ẹnì kankan nínú wọn kò dìde.

Ibẹ̀ ni mo dúró. Tàtá náà kò ní kí n tẹ̀ síwájú.

Oṣù mélòó ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi tẹ ọmọ yẹn mọ́lẹ̀, ní àràárọ̀, tí mo ń pè é ní ẹ̀kọ́ ilé?

Tàtá kò dá mi lẹ́bi. Ó ní òun náà ìbá ti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ òun dàgbà nìyẹn. Ó ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ká kó o pamọ́ bí a ṣe ń kó ọ̀bẹ kúrò nílẹ̀ nítorí ọmọ tó ń rá. Ó ní ọmọ náà lè kíni lọ́nà mìíràn, èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Ó wá ní kí n sọ fún àwọn ará ilé.

Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àgbà Yorùbá, nínú ilé rẹ̀, pé kí ọmọ tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ má kúnlẹ̀ kí i mọ́? Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo bá Àlájà ní àgbàlá, pẹ̀lú kókò rẹ̀. Àríkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe ju èyí tí mo máa ń ṣe lọ. Mo kúnlẹ̀. Mo da orí kodò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

N kò tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ọwọ́ kékeré méjì wọ abẹ́ apá mi. Wọ́n ṣí sílẹ̀, mo mọ ìka kọ̀ọ̀kan lára mi. Wọ́n ń fà mí sókè pẹ̀lú gbogbo agbára.

"Ẹ dìde," ohùn kan wí. Ó ha, bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí látọjọ́ pípẹ́. "Ẹ dìde, Ìyá. Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ dìde!"

Mo dìde. Báwo ni n kò ṣe ní dìde?

Àlájà gbé ife kókò rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ọmọ náà, tó ti wà láàárín èmi àti òun báyìí, tó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dínà. Mo sọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró. Àlájà fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó sì pe gbogbo àwọn ará ilé.

"Ẹ gbọ́. Láti òní lọ, ìkíni ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí, n kò fẹ́ orúnkún. Ẹni tó bá ní kó kúnlẹ̀, èmi ni yóò kúnlẹ̀ fún." Ó kọjú sí Àríkẹ́, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ìwọ, ọmọ Faransé. Wá bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ọlọ́jà."

Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ á máa ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odindi ọjọ́ mọ́kànlá ló tún fi dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ó béèrè omi. Ó tún dákẹ́. Tàtá ní ká má ka ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ká kàn jẹ́ kó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Nítorí náà ó ń gún ata nínú odó kékeré, ó ń de bọ́tìnnì ara rẹ̀, ó ń gbá ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àlájà, ó sì ń ṣeré. Mo ti gbà báyìí pé iṣẹ́ ni. Ọmọ tó bá lè ṣeré ti gbà pé ilẹ̀ tí òun dúró sí kò ní yẹ̀.

Èmi náà ń kọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ sí ilé onímáńgòrò báyìí, mo ń rán ohun tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ ṣe. Àwọn mìíràn ń ti òkè àríwá wá, àwọn tí n kò gbọ́ èdè ìyá wọn. Àwọn ìyá náà máa ń dé pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀ níwájú bíírò. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ bá wọn. N kò ní Faransé, n kò ní Dẹ́ńdì. Mo máa ń fi ọwọ́ mi sábẹ́ apá wọn bí Àríkẹ́ ṣe kọ́ mi.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí léèrè bóyá Parakou ti di ilé. N kò mọ̀. Àgbàdo ìhín kò dùn tó tiwa. Lẹ́nu Àlájà, "ará rédíò" ṣì ni mí. Ṣùgbọ́n mo ń wo òpópónà nígbà tí mo bá ń ránṣọ, mo sì mọ alárù méjì lórúkọ. Bí ọmọ bá sáré kọjá, mo máa ń wò ó kọjá. Lọ́sẹ̀ tó lọ, ọ̀kan sáré kọjá pẹ̀lú báàgì tó ń lù ú lẹ́yìn, aṣọ kakí lọ́rùn rẹ̀, ó ń pariwo. Ó ti dé ìkángun òpópónà kí n tó mọ̀ pé Àríkẹ́ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ń bá Màmá sọ̀rọ̀ ní àgbàlá. Ó tún ní kí n fún ọmọ náà ní fóònù. Mo ti fẹ́ ní ó wà níléèwé bí mo ṣe máa ń ṣe, torí kò gba fóònù rí, nígbà tí Àríkẹ́ na ọwọ́. N kò sọ nǹkan kan. Mo gbé fóònù lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì tẹ ibi tí gbogbo wa máa fi gbọ́.

"Ẹ kú ilé, Màmá. Èmi ni. Àríkẹ́ ni."

Mo gbọ́ bí màmá mi ṣe mí. Adìyẹ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀ ní Ṣakí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ohun tó ti máa ń jáde láti ọjọ́ yìí wá.

"Ọmọ mi! Ṣé o ti kúnlẹ̀?"

N kò tíì sọ fún un. Nínú gbogbo ará ayé, òun nìkan ni n kò tíì sọ fún. Mo na ọwọ́ kí n gba fóònù. Àlájà, tó wà lórí ẹní, mi orí sí mi pé kí n fi í lẹ̀.

Àríkẹ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wò mí. Ìka rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lára fóònù náà, gbogbo wọn.

"Rárá, Màmá," ó wí. "Mo dúró."

Adìyẹ náà tún ké ní Ṣakí. Mo mọ̀ pé Màmá ń gbọ́ gbogbo ohun tí n kò sọ fún un láti ọjọ́ yìí wá, pé etí tó fi ń rí wa ti rí i.

"Ó dára," ó wí níkẹyìn. "Dúró, ọmọ mi. Dúró tì mí."